Fíríìjì Tí A Kò Fọ́

Ìyá Paná ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, láti orí ọ̀gá dórí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Paná, kò sì bá àwọn panápaná ṣiṣẹ́ rí. Bó bá ṣe ń wọ yàrá báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara súìṣì. Bí iná bá ń tàn lọ́sàn-án gangan, á pa á. Bí fáànù bá ń fẹ́ sí àga tí ẹnì kankan ò jókòó lé, á pa á. Nígbà kan ó paná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ akápò lórí, ọkùnrin náà sì jókòó sínú òkùnkùn títí ó fi parí ohun tó bá wá, torí ojú ń tì í láti pariwo. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín yẹn bá ṣe ń lọ lọ́wọ́, á tún nawọ́ pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó máa ronú bí odindi ìlú ṣe lè lo iná díẹ̀ kí nǹkan sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí o. Ẹni tó ń kọ́lé, ẹ ó rí ilé. Ẹni tó ń ránṣọ, ẹ ó rí aṣọ. Ẹni tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ pé kí ohun kan má ṣẹlẹ̀, kí lẹ fẹ́ rí? Bó bá ṣe é dáadáa, epo tí ì bá jó kò ní jó, èéfín tí ì bá rú kò ní rú, ẹni tí ì bá máa wúkọ́ á sùn jẹ́ẹ́jẹ́ sílé rẹ̀. Ta ló máa wá dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ ẹni? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, lórí àga kan ṣoṣo tí tìmùtìmù rẹ̀ ti ya, tó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò tó kọ́kọ́ ṣe ni ti gílóòbù. Ó ní kí ìjọba fún ilé kọ̀ọ̀kan ní gílóòbù mẹ́rin irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, ìjọba sì fún wọn lóòótọ́. Nígbà tó máa lọ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, inú páálí lọ̀pọ̀ ilé ṣì tọ́jú ẹ̀ sí. Wọ́n ní ó ti dáa jù fún ojoojúmọ́, àlejò làwọn ń fi pamọ́ dè. Ètò kejì ni pé kí wọ́n dí gbogbo àlàfo ara fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba, kí atẹ́gùn tútù ẹ̀rọ amúlétutù má máa sá jáde. Wọ́n dí i, ó sì dí dáadáa. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù wá bàjẹ́, wọ́n fi òòlù fọ́ gíláàsì. Bí ẹ bá bi í léèrè, ohun tó máa sọ ò ju pé, "Ẹ̀rọ ò ní wàhálà. Èèyàn ni wàhálà ibẹ̀." Á sì tún mú bírò.

Ṣùgbọ́n ètò kẹta, ti fíríìjì, kì í ṣe torí ìjọba ló ṣe ṣe é. Torí bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílé iṣẹ́ amúnáwá tó wà létí odò, níbi tí ẹ́ńjìnnì gàgàrà mẹ́ta ti ń jó epo dúdú kí ìlú tó lè ríná. Ẹ́ńjìnnì kẹta ló ń tọ́jú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, òun ló kọ́kọ́ tan án, Ẹlẹ́ńjìnnì làwọn aládùúgbò sì ń pè é títí di òní. Ilé tí wọ́n fún un nígbà náà fẹ̀yìn ti ògiri ibi tí ẹ́ńjìnnì kẹta wà, kò sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti gba etí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó sún mọ́ ọn kó sì pariwo sí etí ọ̀tún. Lẹ́yìn tó gba etí tán, ó kọjú sí àyà. Èéfín tó ń jáde látinú ọ̀pá kẹta kì í lọ sókè bí èéfín ọmọlúàbí, orí òrùlé àdúgbò ló ń bà lé. Aṣọ funfun tí wọ́n bá sá láàárọ̀ á ti di aláwọ̀ eérú kí ọ̀sán tó pọ́n. Omi odò tó wà níwájú wọn ń dán pẹ̀lú epo, kò sí ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ikọ́ bàbá náà gbẹ, ó sì gùn, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa àga lórí sìmẹ́ńtì.

Dókítà ní kí wọ́n gbé e kúrò nínú èéfín yẹn kíákíá. Ìyá Paná lọ tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ nílé rẹ̀, lódìkejì ìlú, ó sì wá mú bàbá.

"Mi ò lọ síbì kankan," bàbá ní. "Èmi ni mo tan ẹ̀rọ yẹn. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa pa á."

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ pa á?"

"Ṣé ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Paná ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ ọmọ rẹ̀ lára ṣinṣin. Oṣù mẹ́jọ ni Ìyá Paná fi bá àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ amúnáwá fà á, kí wọ́n tó wá fọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà sọ pé bí iná tí ìlú ń lò nírọ̀lẹ́ bá lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n báyìí, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, wọ́n máa pa ẹ́ńjìnnì kẹta, wọn ò sì ní tan án mọ́ láéláé. Ìlà pupa ni wọ́n fi ìwọ̀n náà fà. Ìyá Paná lẹ ìwé yẹn mọ́ ògiri níwájú tábìlì rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ bàbá.

"Kí ọdún tó parí, Bàbá!" ó pariwo sí etí ọ̀tún. "Ó máa dákẹ́ kí ọdún tó parí!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, àgbà ti wí i tipẹ́. Kò yẹ kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Bàbá gbójú sókè wo ojú ọmọ rẹ̀ títí, ó mi orí, kò sì sí ẹni tó tún lè bá a sọ̀rọ̀ kíkúrò nílé mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mú iná ìlú wálẹ̀? Ìyá Paná ti wọ ilé tó tó igba, ó ka mítà wọn, ó ṣí kíṣìnnì wọn, ó sì mọ olè tó ń jẹ iná ìlú. Fíríìjì àtijọ́ ni. Fíríìjì ọgbọ̀n ọdún kan á jẹ iná fíríìjì tuntun mẹ́rin, á sì tún máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ètò rẹ̀ wá rọrùn: mú ògbólógbòó tìẹ wá, kí ìjọba fún ọ ní tuntun. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó yẹn gbọ́dọ̀ kú. Òun ló wà ní ìlà kẹjọ nínú ìwé ètò náà, ìlà kẹjọ yìí ló sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Òṣìṣẹ́ méjì á gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọlé, wọ́n á fi fa gáàsì inú fíríìjì náà tán, torí gáàsì yẹn bó bá bọ́ sójú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi máa mú ayé gbóná. Wọ́n á gé wáyà rẹ̀. Wọ́n á wá fi irin gún agolo dúdú tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí í ṣe ọkàn fíríìjì, kò sì ní lè jí mọ́. Ojú onílé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀, kí onílé sì fọwọ́ sí i pé òun rí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì kọ̀ọ̀kan. Ó ní bó ṣe máa ń kọ méje, ó máa ń fi ìlà kékeré gba ìbàdí rẹ̀ kọjá, wọ́n ti nà án torí ìyẹn nílé ìwé títí ó sú wọn.

Ilé keje ni wọ́n ti bá ìyá arúgbó kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti nu fíríìjì náà mọ́ tónítóní dè wọ́n. Ó ní ọkọ òun tó ti kú ló rà á lọ́dún tí òun bí àkọ́bí. Ìyá Paná kọ nọ́ńbà sí i lára: òdo, òdo, òdo, méje. Nígbà tí òṣìṣẹ́ gbé irin, ìyá náà di irin mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un lójú mi. Ẹ gbé e lọ síbi tí mi ò ti ní rí i."

Omijé ń bọ́ lójú ìyá náà, kò sì nù ún. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ìyá Paná ní kí wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà kọ̀ngílá, agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wọn kó ẹrù, wọ́n á fọ́ ọ tí wọ́n bá débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ di ní ilé lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin kan ti kíṣìnnì rẹ̀ pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò. Òmíràn ní kí wọ́n dúró dìgbà tí àwọn ọmọ òun bá dé kí wọ́n lè dágbére fún un. Ẹni tí kò rí i lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti ń fún èèyàn lómi tútù fún ọgbọ̀n ọdún, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò rọrùn láti dúró kí wọ́n máa gún un lójú ẹni. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ogójì péré ni wọ́n rí gbà.

Ọ̀gá pè é. Ọ̀gá yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, Màmá ló máa ń pè é, kò sì burú.

"Màmá, tí a bá ń bá a lọ báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ wa ló máa parí ètò yìí."

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"Kí lẹ wá rò pé ká ṣe?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ọ̀gá ò fipá mú un. Kò sí ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀. Ó padà sórí àga rẹ̀ tó ti ya, ó wo ìlà pupa lára ògiri, ó ka iye oṣù tó kù kí ọdún parí, ó rántí agbẹ̀bí yẹn, ó rántí bàbá. Ó mú bírò, ó sì fa ìlà kẹjọ dànù. Ohun tó kọ rọ́pò rẹ̀ ni pé wọ́n á máa kó àwọn fíríìjì lọ sínú ọgbà kọ̀ngílá, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fọ́ wọn, níbi tí ojú onílé ò ti ní tó o. Àánú ló ṣe é, ìkánjú náà sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ di ọwọ́ bírò kan náà mú ni.

Wọ́n tún fọ́ọ̀mù tẹ̀. Fọ́ọ̀mù tuntun bèèrè nǹkan mẹ́ta: nọ́ńbà fíríìjì, ilé tó ti wá, àti ọjọ́ tó wọ ọgbà. Kò sí àyè kankan tó bèèrè pé ṣé wọ́n ti fọ́ ọ. Obìnrin tó ti ń ṣe fọ́ọ̀mù láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ohun tí fọ́ọ̀mù ò bá bèèrè, kò sí ẹni tó máa ṣe é, òun náà ló gbàgbé. Géètì méjì ni ọgbà kọ̀ngílá ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti iwájú ni akọ̀wé tó ń ka fíríìjì jókòó sí. Ìyá Paná lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fọ́ mẹ́ta lójú rẹ̀ wàràwàrà, ó sì padà sí ọ́fíìsì tayọ̀tayọ̀.

Fíríìjì wá ń wọlé bí òjò. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n ń lọ bọ̀ títí ó fi pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Iná ìrọ̀lẹ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó kọjá ìlà pupa, ó wà nísàlẹ̀ fún oṣù kan. Ó wà níbẹ̀ fún oṣù kejì. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ìyá Paná á fi bírò pupa sàmì sí ìwé ara ògiri, á sì dúró wò ó kó tó jókòó. Ayọ̀ tó wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn, ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n ti ránṣẹ́ ayọ̀ kan sí i láti ọ̀run. Ó ku oṣù kan péré.

Ní oṣù kẹta, àmì náà yíjú sókè. Ó ní ooru ni. Lọ́sẹ̀ kejì ó gòkè sí i. Ó ní bóyá mítà ló ń parọ́, ó rán wọn lọ yẹ mítà wò, mítà ò parọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ré kọjá ìlà pupa, ó sì ń lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ó lọ wo bàbá rẹ̀. Aládùúgbò bàbá ni obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Télọ̀, opó ni, yàrá iwájú rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Òun ló máa ń bá Ìyá Paná bojú wo bàbá láàárín ọ̀sẹ̀. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, òógùn sì ti bo ojú Ìyá Paná.

"Ẹ kú oòrùn, ẹ̀gbọ́n mi," Télọ̀ ní. "Ẹ fìdí lé àga, kí n bu omi tútù fún yín."

"Omi tútù? Láti ìgbà wo lo ti ń bu omi tútù?"

"Àwa náà ti lajú nìyẹn o."

Télọ̀ fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fíríìjì funfun gíga kan ló dúró síbẹ̀, ó ń kùn, ó sì ń gbọ̀n. Ọ̀dà pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òdo, òdo, òdo, méje. Ìlà kékeré gba ìbàdí méje náà kọjá.

Ara Ìyá Paná tutù kí omi tó dé ọwọ́ rẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ẹ̀yìn ọgbà kọ̀ngílá ni. Túsìdeè àti Fúráìdeè ni wọ́n máa ń kó o jáde tà, kò sì wọ́n rárá. Gbogbo àdúgbò wa ló ti lọ." Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mo ti ń wá àyè láti dúpẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀. A ní ọmọ Ẹlẹ́ńjìnnì ò gbàgbé wa."

"Télọ̀, ó yẹ kí wọ́n ti fọ́ fíríìjì yìí."

"Kí wọ́n fọ́ kí ni? Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́?" Ó wo Ìyá Paná bí ẹni pé oòrùn ti kọlù ú. "Ẹ mu omi kẹ́ ẹ sinmi ná."

"Mo gbọ́dọ̀ gbé e padà."

 Télọ̀ mú abẹ́rẹ́ kúrò lára aṣọ tó ń rán, ó tún fi í síbẹ̀.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé e, ẹ gbé e. Èmi ò bá ìjọba jà rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí n máa gbé oògùn ojú Bàbá sí fún mi."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. Páálí kékeré kan wà láàárín àwọn ìgò omi, páálí oògùn tí Ìyá Paná fúnra rẹ̀ rà lọ́sibítù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ní kó máa wà nínú òtútù. Ó ti fà á lé bàbá lọ́wọ́ pé kó gbé e fún Télọ̀, kò sì bèèrè ibi tí Télọ̀ fẹ́ gbé e sí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó gba ife omi náà, ó mu ún. Omi náà tutù, ó sì dùn, ó mu ún tán.

Ó jáde, ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò náà dé òpin rẹ̀, ó ń kí wọn, wọ́n ń kí i, wọ́n ń súre fún un. Nínú ilé mẹ́rìnlá, mọ́kànlá ló ní fíríìjì tó ní ọ̀dà pupa lára. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní fíríìjì tẹ́lẹ̀. Kò nílò bírò láti ṣe ìṣirò ìyẹn. Ìlú tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fíríìjì ògbólógbòó ti wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tuntun kún un, òun ló sì kó o wá fún wọn. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún, àwọn tó ń kọjá rò pé ara bàbá rẹ̀ ló le sí i.

Nígbà tó wọlé tọ bàbá, bàbá wà lórí ibùsùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti lọ, ó fi ọwọ́ gbọ́ ohun tí etí ò gbọ́ mọ́.

"O ti rí i," bàbá ní.

Ó sún mọ́ etí ọ̀tún. "Kí ni mo rí?"

"Fíríìjì àwọn Télọ̀. Ó ti tó oṣù kan àbọ̀ tí mo ti mọ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, ẹrù tí ẹ̀rọ kẹta ń rù wúwo. Láti ọjọ́ tí mo ti tan án, kò gbọ̀n tó báyìí rí."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Bàbá wúkọ́ títí, ó nu ẹnu. "Ọjọ́ tó o wá sọ fún mi pé ó máa dákẹ́, ojú rẹ rí bó ṣe máa ń rí nígbà tó o wà ní kékeré. Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú yẹn gbẹ̀yìn. Mi ò lè bà á jẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

"O ní kí ọdún tó parí," bàbá ní. "Ọdún ò tíì parí."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún Ọ̀gá láìfi ọ̀kan pa mọ́, títí kan bírò àti ìlà kẹjọ. Ọ̀gá dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Mélòó ló wọ ọgbà?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náà ni mo ti kọ ránṣẹ́ sókè, Màmá. Wọ́n ti kà á, inú wọn ti dùn."

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́."

"Mo gbọ́ yín." Ó fa pépà funfun kan síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ pé kí a máa wọ ilé onílé, kí a máa gba fíríìjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò Bàbá. Tí ẹ bá kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i lónìí yìí. Mi ò fi yín ṣe ẹ̀sín."

Kò fi í ṣe ẹ̀sín lóòótọ́. Ìyá Paná di bírò mú. Ó rí Télọ̀, ó rí páálí oògùn láàárín ìgò omi, ó rí agbẹ̀bí tó di irin mú. Ó jókòó síbẹ̀ títí tíì tó wà níwájú Ọ̀gá fi tutù. Nígbà tó dìde, pépà náà ṣì funfun. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí ṣe ni pé wọ́n fi ágádágodo ti géètì ẹ̀yìn ọgbà kọ̀ngílá, nígbà tí fíríìjì tó kù nínú ẹ̀ ò pé ogún.

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Gíláàsì ni, wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí i lára. Ó gbé e sí abẹ́ tábìlì lójú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń fi bàtà kàn án nígbà mìíràn láìmọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà iléeṣẹ́ amúnáwá dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún akitiyan rẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n bí iná tí ìlú ń lò nírọ̀lẹ́ ti ga ju ti ìgbàkígbà rí, ẹ́ńjìnnì kẹta ò lè sinmi, àwọn sì ti ń múra láti gbé ẹ̀kẹrin wá. Àwọn kan náà tó fọwọ́ sí ìwé ìjọsí ló fọwọ́ sí èyí. Ó yọ ìwé tó ní ìlà pupa kúrò lára ògiri, ògiri ibẹ̀ sì mọ́ ju ibi tó kù lọ.

Bàbá ò dìde mọ́ láti oṣù kọkànlá. Ọsibítù gbà á fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n dá a padà, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa tọ́jú ẹ̀ nílé. Ilé tó ní kí wọ́n gbé òun lọ náà lẹ mọ̀. Ìyá Paná gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń sùn lórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, bàbá la ojú. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé. Ìyá Paná jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká ti ògiri.

"Ọdún ti parí?"

Ó tẹ̀ síwájú sí etí ọ̀tún. "Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá."

"Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

Ẹni tí kò parọ́ fún bàbá rẹ̀ rí láti kékeré ni, tó jẹ́ pé nígbà tó fọ́ fìtílà wọn lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ ló kó àfọ́kù rẹ̀ wá. Ó mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti pa á, Bàbá! Àárọ̀ yìí ni wọ́n pa á!"

Ó pariwo ẹ̀ débi pé Télọ̀ gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílé kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì dúró. Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wò ó dáadáa, gbogbo ojú náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, síbi tó máa ń fi í lé. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Omi inú ife tó wà lórí fèrèsé ń mì rìrì.

Ó gbé ọwọ́ náà kúrò, ó gbé e lé ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Lóòótọ́ ni," ó ní. "Ó ti dákẹ́. O ṣeun, ọmọ mi."

 Ògiri tí Ìyá Paná fi èjìká tì yẹn ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n dé inú eyín rẹ̀.

Bàbá kú lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyá Paná padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tàn lọ́sàn-án, ó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nínú irọ́ méjèèjì tí wọ́n pa fún ara wọn lọ́sàn-án yẹn, ti bàbá ló ń dùn ún jù.